Ẹ Má Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Àgbà: Ẹ̀kọ́ Lórí Òbí Tí Ìgbàgbé Ń Bá Jà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ẹ̀dá láti inú àìlágbára, tí ó fún un ní agbára, tí ó sì tún dá a padà sí àìlágbára pẹ̀lú ewú lórí. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad (SAW), àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ohun kan tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Òṣòdì, Mafolúkù, Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò, ṣùgbọ́n tí a kì í fẹ́ sọ síta. Ohun náà ni ìgbàgbé ọjọ́ ogbó tí ó kọjá ìgbàgbé lásán. A fẹ́ mọ ohun tí ó jẹ́, ohun tí ẹ̀sìn wa sọ nípa rẹ̀, àti bí a ṣe lè ran àgbà tí ó ní in lọ́wọ́ kí ọwọ́ rẹ̀ má baà kú kí òun fúnra rẹ̀ tó kú.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ìyá tí ó bí ìyá mi ta èlùbọ́ ní ọjà Owónifárí ní Òṣòdì fún ọdún púpọ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wó ọjà náà. Màmá ti dàgbà nígbà náà, ó sì jókòó sílé. Lẹ́yìn bí ọdún méjì ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í dìde kí ilẹ̀ tó mọ́, tí yóò wé gèlè, tí yóò sì sọ pé òun ń lọ ṣí ìsọ̀. Ìsọ̀ wo? Ọjà tí kò sí mọ́! Ní ọjọ́ kan a wá a títí, abẹ́ afárá Òṣòdì ni a ti rí i, tí ó ń bi àwọn ọmọ ọkọ̀ léèrè pé níbo ni wọ́n gbé ìsọ̀ òun lọ.

Ẹ̀rù bà wá, ojú sì tì wá. A ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. A gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, a gba ìgbálẹ̀, a gba ìkòkò. Bí ó bá fẹ́ dìde ṣe nǹkan, a óò ní, “Màmá, ẹ jókòó, ẹ sinmi.” A rò pé ìkẹ́ ni a ń kẹ́ ẹ. Láàárín oṣù díẹ̀, ẹni tí ó ń di ìró ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò mọ ìró dì mọ́. Ògiri ni ó kọjú sí láti àárọ̀ di alẹ́. Aládùúgbò kan tilẹ̀ ń sọ pé àjẹ́ ni ó fẹ́ jẹ́wọ́.

Obìnrin kan tí ó mọ̀ nípa ìtọ́jú àgbà ni ó là wá lójú. Ó wo ọwọ́ Màmá, ó ní, “Kí ni ọwọ́ yìí ń ṣe tẹ́lẹ̀?” A ní èlùbọ́ ni. Ó ní, “Ẹ gbé èlùbọ́ fún un.” A gbé èlùbọ́ àti asẹ́ sí iwájú rẹ̀. Ẹni tí kò rántí orúkọ mi mọ́ ni ó jọ̀ ọ́ láìdà á sílẹ̀, tí ó fi kóńgò wọ̀n ọ́n, tí ó sì bu ẹ̀ẹ̀nì lé e. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà, omijé bọ́ lójú mi. Mo mọ̀ ní ọjọ́ náà pé àwa ni a ti gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ tí àìsàn kò tíì gbà.

KÍ NI ÀÌSÀN YÌÍ?

Àwọn Lárúbáwá ń pè é ní kharaf. Àwa Yorùbá máa ń sọ pé àgbà ń ṣarán, tàbí pé iyè rẹ̀ ti ra. Dementia ni àwọn oníṣègùn òyìnbó ń pè é. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2021, àwọn tí ó ní in káàkiri ayé tó mílíọ̀nù 57, àwọn tí ó sì ju ìdajì wọn lọ wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò fi bẹ́ẹ̀ lówó.

Oríṣiríṣi ni. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí wọ́n fi orúkọ Alois Alzheimer pè, oníṣègùn ará Jámánì tí ó ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1906 lẹ́yìn tí ó yẹ ọpọlọ obìnrin kan tí ó ti kú wò. Òmíràn máa ń wá láti ara ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn rọpárọsẹ̀, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá rí ọ̀nà dé inú ọpọlọ dáadáa.

Kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé ni àìsàn. Ẹni tí ó gbàgbé ibi tí ó fi kọ́kọ́rọ́ sí kò ní àìsàn. Ẹni tí ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ tí kò mọ ohun tí à ń fi ṣe, ìyẹn ni kí á bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí. Ẹ jẹ́ kí ó yé wa dáadáa: àìsàn ọpọlọ ni. Kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ẹ̀san. Ẹni tí ó bá na àgbà, tí ó fi ebi pa á, tàbí tí ó dè é mọ́lẹ̀ nítorí rẹ̀ ti ṣe àbòsí, ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun ni yóò ti jẹ́jọ́.

ÌWÁDÌÍ TÍ WỌ́N ṢE NÍ ILẸ̀ WA

Àwọn kan rò pé àìsàn òyìnbó ni. Ní ọdún 1992, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀. Ó kú ní ọdún 1995, àwọn bíi Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi sì bá iṣẹ́ náà lọ. Wọ́n wọ inú àwọn agboolé Ìdíkàn ní Ìbàdàn, wọ́n bá àwọn Yorùbá 2,494 tí wọ́n ti tó ọmọ ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sọ̀rọ̀. Wọ́n tún bá àwọn aláwọ̀ dúdú 2,212 sọ̀rọ̀ ní ìlú Indianapolis.

Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé lọ́dọọdún, nínú àgbà 100, bíi 1.35 ni àìsàn náà ń mú ní Ìbàdàn, tí ó sì jẹ́ 3.24 ní Indianapolis. Tiwa kéré, ṣùgbọ́n ó wà. Bí àwọn ènìyàn wa sì ti ń pẹ́ láyé sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí yóò ní in yóò máa pọ̀ sí i.

Nǹkan kan wà nínú iṣẹ́ wọn tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú. Ọ̀nà tí àwọn òyìnbó fi ń dán ọpọlọ wò ni pé kí ènìyàn fi pẹ́ńsùlù ya àwòrán. Ọ̀pọ̀ àgbà Ìdíkàn kò di pẹ́ńsùlù mú rí. Kí ni àwọn onímọ̀ náà ṣe? Wọ́n fi igi ìṣáná rọ́pò pẹ́ńsùlù: wọn a to igi sílẹ̀ lónírúurú ọ̀nà, àgbà a sì to tirẹ̀ bákan náà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ohun tí ọwọ́ ènìyàn mọ̀ ni a fi ń mọ ohun tí ó kù nínú rẹ̀.

Ní Láluupọn nítòsí Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ tún gbìyànjú ìtọ́jú kan tí wọ́n dán wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2003. Kò sí egbòogi nínú rẹ̀. Àwọn àgbà díẹ̀ ni yóò máa pàdé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 7: wọn a sọ̀rọ̀ nípa ìgbà èwe wọn, nípa oúnjẹ, nípa owó, wọn a kọrin, wọn a ṣeré. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìrántí àwọn tí wọ́n ṣe é sàn ju ti àwọn tí kò ṣe é lọ, ayé sì dùn mọ́ wọn sí i. Ní ọdún 2019 ni wọ́n tẹ ìròyìn ti Láluupọn jáde pé ó ṣeé ṣe ní ìgbèríko wa pẹ̀lú. Ẹ kò rí i pé ohun tí àwọn bàbá wa ń ṣe lábẹ́ igi ní ìrọ̀lẹ́ kò jìnnà sí èyí?

OHUN TÍ ẸSÌN WA SỌ

Al-Kùránì Alápọ̀nlé kò fi ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́. Nínú Sūratu-n-Naḥl (16:70) àti Sūratu-l-Ḥajj (22:5), Ọlọ́hun sọ fún wa pé a óò dá àwọn kan nínú wa padà sí ìgbà tí ó rẹlẹ̀ jù nínú ọjọ́ orí, débi pé wọn kò ní mọ nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ànábì (SAW) fúnra rẹ̀ máa ń fi Ọlọ́hun wá ìṣọ́ra kúrò níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú hádíìsì tí Bukhārī gbà wá.

Ẹ tún wo Sūratu-l-Isrāʾ (17:23-24). Nígbà tí Ọlọ́hun pàṣẹ ṣíṣe dáadáa sí òbí, ìgbà tí wọ́n bá darúgbó sí ọ̀dọ̀ wa ni Ó dárúkọ. Ó kọ̀ fún wa láti pòṣé sí wọn, ó kọ̀ fún wa láti jágbe mọ́ wọn. Kí ló fà á tí ó fi jẹ́ ìgbà ogbó? Nítorí pé ìgbà náà ni ìpòṣé ń wá sí ẹnu. Ẹni tí ó bi ọ́ ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárín wákàtí kan ni a fi ń dán ọ wò. Àwọn àgbà wa ní, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni ń mu.

Ẹ̀kọ́ kẹta wà nínú Sūrat Yūsuf (12:94-95). Ànábì Yaʿqūb sọ pé òun ń gbọ́ òórùn Yūsuf ọmọ òun, ó sì ti mọ̀ pé àwọn tí ó wà lọ́dọ̀ òun yóò ní òun ń ṣarán. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì sọ. Ta ni ó tọ̀nà? Bàbá arúgbó ni! Nítorí náà, kí á má ṣe yára fi ọ̀rọ̀ àgbà dànù. Màmá mi àgbà tí ó ń lọ ṣí ìsọ̀ kò purọ́. Ó ní ìsọ̀ lóòótọ́, ọjà ni kò sí mọ́.

ỌWỌ́ Ń RÁNTÍ OHUN TÍ ẸNU GBÀGBÉ

Ìrántí kò wà ní ibi kan ṣoṣo nínú ọpọlọ. Ìrántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lánàá ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Èyí tí ó wà nínú ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ohun tí ènìyàn ti ṣe ní àìmọye ìgbà, máa ń pẹ́ kí ó tó lọ. Ìdí nìyí tí àgbà tí kò mọ ọjọ́ òní fi lè ka Fātiḥa láìṣì. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò bá lò, kíá ni yóò parẹ́. Bí a bá ń fọ ojú fún ẹni tí ó lè fọ ojú ara rẹ̀, láìpẹ́ kò ní lè fọ̀ ọ́ mọ́.

Ẹ rántí hádíìsì tí ó sọ pé bí Ọjọ́ Ìkẹyìn bá dé bá ẹnìkan tí igi tí ó fẹ́ gbìn wà ní ọwọ́ rẹ̀, bí ó bá lè gbìn ín, kí ó gbìn ín. Kò sí ẹni tí yóò jẹ èso igi náà, síbẹ̀ iṣẹ́ náà ní láádá. Bẹ́ẹ̀ ni èlùbọ́ tí Màmá ń jọ̀ rí.

ÌLÀNÀ MẸ́JỌ TÍ A LÈ TẸ̀LÉ

1. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi ohun tí ó mọ̀. Aránṣọ, gbé àkísà àti bọ́tìnnì fún un. Ìyá ọlọ́jà, fún un ní ẹ̀wà láti ṣà, ẹ̀fọ́ láti já. Mẹkáníìkì, fún un ní nọ́ọ̀tì láti to. Ááfà, gbé wàláà àti àwọn ọmọ kéékèèké sí iwájú rẹ̀. Má ṣe kọ́ ọ ní nǹkan tuntun tí ó le.

2. Gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́. Má ṣe sọ pé, “Ẹ lọ ṣe àlùwàlá.” Sọ pé, “Ẹ jókòó.” Dúró. “Ẹ tẹ́ ọwọ́ yín.” Dúró. “Ẹ fọ̀ ọ́.” Gbólóhùn kan fún ìgbésẹ̀ kan.

3. Jẹ́ kí ojú rẹ̀ rí i. Bí ọ̀rọ̀ kò bá wọlé, ṣe é níwájú rẹ̀, tàbí kí o rọra fi ọwọ́ rẹ tì í lọ́wọ́.

4. Ibi tí ó ti há nìkan ni kí o ràn án lọ́wọ́. Bí kò bá lè wọ bùbá, bá a wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ de bọ́tìnnì tí ó kẹ́yìn. Yóò pẹ́. Jẹ́ kí ó pẹ́.

5. Fi àkókò kan náà sí i lójoojúmọ́. Ilé Mùsùlùmí ní aago tí ó dára jù: ìpè ìrun. Lẹ́yìn àsùbá, ìrìn díẹ̀. Kí ọ̀sán tó tó, iṣẹ́ ọwọ́. Lẹ́yìn àásàrì, ìtàn àti ẹbí. Lẹ́yìn mọ̀gáríbì, kí ilé dákẹ́, kí iná mọ́lẹ̀, nítorí ìrọ̀lẹ́ ni ọkàn ọ̀pọ̀ wọn máa ń dà rú.

6. Má ṣe dán an wò. “Ta ni mí? Ẹ ò mọ̀ mí ni?” Ìwà ìkà ni ìbéèrè yìí. Wólẹ̀ tàbí kúnlẹ̀, kí o sọ ẹni tí o jẹ́. Bí ó bá ní òun fẹ́ lọ sọ́jà, má bá a jiyàn. Bi í ní ohun tí ó ń tà, jẹ́ kí ó sọ ọ́, kí o sì gbé iṣẹ́ sí i lọ́wọ́.

7. Má ṣe tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe lójú rẹ̀. Bí ilẹ̀ tí ó gbá kò bá mọ́, tún un gbá nígbà tí ó bá sùn. Dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí o ti máa ń dúpẹ́ nígbà tí ara rẹ̀ le.

8. Tọ́jú etí, ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa yóò dà bí ẹni tí kò ní làákàyè. Jẹ́ kí wọ́n yẹ etí àti ojú rẹ̀ wò. Kí ẹ jọ máa rìn. Kí wọ́n máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀.

OHUN TÍ A GBỌ́DỌ̀ ṢỌ́RA FÚN

Iṣẹ́ dára, ṣùgbọ́n ewu wà. Má fi òun nìkan sí ìdí sítóòfù tàbí gáàsì. Má rọ kẹrosíìnì sínú ìgò omi. Kó oògùn pa mọ́. Rán orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ilé mọ́ inú ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀, kí o sì fi ojú rẹ̀ han àwọn onísọ̀ àdúgbò, nítorí títì márosẹ̀ Òṣòdì sí Apápá kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Bí àgbà bá yí padà lójijì láàárín ọjọ́ díẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ. Ó lè jẹ́ ibà tàbí àrùn mìíràn tí ó ṣeé wò. Àwọn àìsàn kan sì wà tí wọ́n máa ń jọ ìgbàgbé yìí, bí ìbànújẹ́ ọkàn tí ó pọ̀, tí ìtọ́jú wà fún. Ilé ìwòsàn gbogboogbò wà ní Ìsọlọ̀. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá ní ẹ̀ka ní Òṣòdì, Òṣòdì náà ni ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ wà tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dá iṣẹ́ ojoojúmọ́ padà sí ọwọ́ aláìsàn. Kí ojú má tì wá láti dé ibẹ̀.

Ní ti owó àti dúkìá, Sūratu-n-Nisāʾ (4:5) kọ́ wa pé kí á máa fi owó ẹni tí làákàyè rẹ̀ kò pé bọ́ ọ, kí á fi wọ̀ ọ́ láṣọ, kí á sì máa sọ̀rọ̀ dáadáa fún un. Ìṣọ́ ni ìyẹn, kì í ṣe ogún. Ẹni tí ó bá mú ìtẹ̀ka àgbà tí kò mọ ohun tí ó ń ṣe láti fi gba ilẹ̀ rẹ̀, olè ni.

ÌRUN ÀTI ÀWẸ̀ ŃKỌ́?

Hádíìsì tí ó wà nínú ìwé Abū Dāwūd sọ pé a ti gbé kálàmù kúrò lórí ẹni tí ó sùn títí yóò fi jí, ọmọdé títí yóò fi bàlágà, àti ẹni tí làákàyè rẹ̀ lọ títí yóò fi padà. Nítorí náà, ẹni tí làákàyè rẹ̀ ti lọ pátápátá, ìrun àti àwẹ̀ kò jẹ́ dandan fún un mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣì ń fẹ́ kírun, má ṣe lé e kúrò lórí ẹní. Jókòó tì í, rán an létí. Bí ó bá ṣe rákà mẹ́ta ní ipò mẹ́rin, Ọlọ́hun mọ̀ ọ́n. Tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀, má gbà á.

TA NI YÓÒ ṢE É?

Níhìn-ín ni mo fẹ́ bá àwa ọkùnrin wí. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọmọbìnrin kan tàbí ìyàwó ilé kan ni gbogbo rẹ̀ ń já lé léjìká, tí àwa yóò fi owó ránṣẹ́, tí a óò sì rò pé ó ti tán. Aṣẹ 17:23 kò yọ ọmọkùnrin sílẹ̀. ʿĀʾisha (RA) sọ fún wa pé Ànábì (SAW) máa ń lẹ bàtà ara rẹ̀, ó sì máa ń rán aṣọ rẹ̀ nínú ilé. Ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí Mẹ́kà, nígbà tí Abū Bakr gbé Abū Quḥāfa bàbá rẹ̀ arúgbó wá, Ànábì ní kí wọ́n ti fi bàbá náà sílẹ̀ sílé kí òun lọ bá a níbẹ̀. Àgbà ni à ń lọ bá.

Nítorí náà, mo dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ wa ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn ilé tí irú àgbà bẹ́ẹ̀ wà sílẹ̀. Kí àwọn méjì máa lọ sí ilé kan ní Sátidé fún wákàtí méjì, ọkùnrin sọ́dọ̀ bàbá, obìnrin sọ́dọ̀ ìyá. Kí wọ́n jọ ṣa ẹ̀wà, kí wọ́n jọ rìn, kí wọ́n gbọ́ ìtàn Òṣòdì àtijọ́, kí ẹni tí ó ń tọ́jú wọn lè lọ sùn. Sàráà ni oorun tí ẹ bá fún un yẹn.

Èlùbọ́ kò wo àìsàn Màmá sàn. Ó gbàgbé wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kò kọjú sí ògiri mọ́. Títí di oṣù tí ó ṣáájú ikú rẹ̀, bí mo bá kí i ní àárọ̀, oníbàárà ni ó máa ń pè mí, yóò sì wọn kóńgò kan fún mi, pẹ̀lú ẹ̀ẹ̀nì.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìgbàgbé lásán àti àìsàn ìgbàgbé?
2. Kí ni a rí kọ́ nínú lílo igi ìṣáná ní Ìdíkàn?
3. Kí nìdí tí Sūratu-l-Isrāʾ fi dárúkọ ìgbà ogbó ní pàtàkì?
4. Mú àgbà kan tí o mọ̀. Iṣẹ́ wo ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀, báwo sì ni o ṣe lè gé e sí ìgbésẹ̀ márùn-ún?
5. Ta ni ó ń tọ́jú àgbà ní ilé yín? Ìgbà wo ni ẹni náà sinmi kẹ́yìn?

Kí Ọlọ́hun kẹ́ àwọn òbí wa bí wọ́n ti kẹ́ wa ní kékeré, kí Ó forí jin àwọn tí wọ́n ti lọ, kí Ó má fi ọjọ́ ogbó dójú tì wá. Āmīn.